Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ọ̀gá Snøhetta: wọ́n ń ti ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé

Sí Kjetil Trædal Thorsen, Craig Dykers, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń darí Snøhetta, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé ti Nọ́wè,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá.

Ẹ ò mọ̀ mí rí. Àkítẹ́ẹ̀tì ni mí, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ dá ọ́fíìsì kékeré sílẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń rí ṣe kò ju ká fi yàrá kún ẹ̀yìn ilé onílé, ká tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ká ya ilé ìtọ́jú ọmọdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò kọ ìwé yìí láti fi tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Gbangba ni mo kọ ọ́ sí, èdè ìyá mi ni mo sì fi kọ ọ́, torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn yín, ó sì kan àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ifẹ̀, ní Àkúrẹ́ àti ní Èkó, tí wọ́n ń fi fóònù wo iṣẹ́ ọwọ́ yín títí òru fi ń jìn. Bí ẹ bá rí ẹni túmọ̀ rẹ̀ fún yín, mo dúpẹ́. Bí ẹ ò bá rí, àwọn mìíràn tó yẹ kó gbọ́ yóò gbọ́.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Ìdíje àwòrán ilé tó ṣí sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ, tí adájọ́ kò ti mọ ẹni tó ni àwòrán, ló sọ yín di ẹni tí ayé mọ̀. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọlé ni àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn máa ń gbọ́ tiyín. Àwa tí a wà níta, bí a pariwo títí, wọn ò ní gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn yín díẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1987, ní Oslo tí í ṣe olú ìlú Nọ́wè, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣètò ilẹ̀ àti ewéko àyíká ilé kó ara wọn jọ sínú yàrá iṣẹ́ kan tó wà lókè ilé ọtí. Dovrehallen ni wọ́n ń pe ilé ọtí náà, ìyẹn gbọ̀ngàn Dovre. Dovre sì ni orúkọ ilẹ̀ olókè kan láàárín Nọ́wè, níbi tí òkè Snøhetta ti yọrí ju gbogbo ìyókù lọ, mítà 2,286 láti etí òkun. Nígbà tó ti jẹ́ pé gbọ̀ngàn Dovre ló wà nísàlẹ̀ wọn, wọ́n sọ ara wọn ní Snøhetta. Ẹ̀fẹ̀ àwọn tó mutí tán ló bí orúkọ tí àwọn ọba Arébíà àti àwọn ìjọba Ṣáínà mọ̀ lónìí. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju ẹ̀bùn èyíkéyìí tí ẹ ti gbà lọ.

Ohun tó tún wù mí nínú ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni pé àwọn tó ń ya ilé àti àwọn tó ń tọ́jú ilẹ̀ jókòó sí tábìlì kan náà láti ọjọ́ kìíní. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àkítẹ́ẹ̀tì á ya ilé tirẹ̀ tán, wọ́n á wá pe ẹni tí yóò gbin òdòdó sí ibi tó ṣẹ́kù. Ẹ̀yin kò ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì hàn nínú iṣẹ́ yín, torí pé ó ṣòro láti tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ parí sí àti ibi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni 1989 dé. Ìjọba Íjíbítì àti UNESCO fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé tuntun sí Alexandria, ní ìrántí ilé ìkàwé ayé àtijọ́ tó pa rẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ké sí gbogbo àgbáyé. Àwòrán tó wọlé lé ní 500, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lójú èyíkéyìí nínú wọn. Los Angeles ni ẹ̀yin ti jókòó ya tiyín. Ará Nọ́wè wà níbẹ̀, ará Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Christoph Kapeller tó jẹ́ ará Ọ́sítríà wà níbẹ̀. Thorsen fúnra rẹ̀, Graz ní Ọ́sítríà ló ti kọ́ṣẹ́, Dykers, Texas. Ọ̀kan kò tíì ju ọmọ ọdún 31 lọ, èkejì kò tíì ju 28. Ẹ ò tíì ní ilé ńlá kankan tí ẹ lè nawọ́ sí pé tiwa nìyí. Nígbà tí àwọn adájọ́ mú àwòrán yín, tí wọ́n wá wo ẹni tó ni ín, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ni wọ́n bá pàdé. Ìgbà yẹn gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá ilé-iṣẹ́ gidi sílẹ̀, torí iṣẹ́ ti dé, ó sì di dandan kí ẹni tí yóò ṣe é wà.

Ilé náà yẹ ní wíwò dáadáa. Ó rí kìrìbìtì bí àwo ńlá, láti etí kan dé èkejì jẹ́ mítà 160, wọ́n sì dà á gbè síhà òkun Mẹditaréníà, tó fi jẹ́ pé apá kan rẹ̀ rì sínú ilẹ̀, apá kejì sì yọrí sókè. Wọ́n ṣe gíláàsì òrùlé rẹ̀ lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ á fi máa wọlé láìjẹ́ pé oòrùn ń ta sórí ìwé ní tààrà. Nínú, ibi ìkàwé ń sọ̀kalẹ̀ ní ìpele-ìpele lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, kí ẹni tó jókòó sókè lè máa rí ẹni tó ń kàwé nísàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ògiri ìta ló máa ń dá mi dúró. Akọ òkúta láti Aswan ni, wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ lẹ́tà oríṣiríṣi àkọsílẹ̀ ayé sí i lára, èyí tí Jorunn Sannes, oníṣẹ́ ọnà ará Nọ́wè, bá yín ṣe. Kò sí fèrèsé lára rẹ̀. Wọn ò to àwọn lẹ́tà náà di ọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí èdè tó lè ní òun ló ni ògiri. Bí oòrùn bá ṣe ń yí, òjìji inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á máa jìn sí i tàbí kó máa parẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé gan-an lè dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan kó má sú u.

Ọdún 1995 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọdún 2002 ni wọ́n sì ṣí i. Ìyẹn ni pé láti ìgbà tí ẹ ti yege títí di ìgbà tí òǹkàwé àkọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ọdún 13 ló kọjá. Ilé-iṣẹ́ Hamza, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ará Íjíbítì, lẹ jọ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ di orúkọ yẹn mú, màá padà sórí rẹ̀. Lọ́dún 2004, ilé náà gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ilé yín gbajúmọ̀ nítorí pé ó jẹ́ ti Sikandinéfíà, ìyẹn Nọ́wè, Dẹ́nmáàkì àti Swídìn: kò ní àṣejù, ó fẹ́ràn igi, ó ń ro ti mẹ̀kúnnù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí àwọn ará àríwá yẹn jọ ní tí wọn kì í sábà kà mọ́ ọn, òun ni pé ìdíje gbangba ló gbé wọn jáde sí ayé. Lọ́dún 1957, nígbà tí wọ́n wá ẹni tí yóò ya ilé ọpẹ́rà, ìyẹn ilé eré olórin, fún Sydney ní Ọsirélíà, àwòrán 233 ló wọlé, ọmọ Dẹ́nmáàkì ẹni ọdún 38 kan tó ń jẹ́ Jørn Utzon ló sì mú un. Lọ́dún 1983, ọmọ Dẹ́nmáàkì mìíràn, Johan Otto von Spreckelsen, borí ẹni tó ju 400 lọ láti kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá tó dúró sí La Défense ní Paris. Kí ni Spreckelsen ti kọ́ ṣáájú? Ilé ara rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan. Ọlọ́jọ́ dé kí iṣẹ́ náà tó parí, àmọ́ ilé náà wà níbẹ̀ títí dòní. Tí ẹ̀yin náà sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1989. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe igi àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nìkan ni ogún yín.

Ìdíje gbangba ló tún fún yín ní Oslo. Kí Alexandria tó parí, ìjọba Nọ́wè pe ìdíje fún ilé ọpẹ́rà, àwòrán tó lé ní 200 wọlé, tiyín ló gbégbá orókè lọ́dún 2000. Oṣù kẹrin ọdún 2008 ni wọ́n ṣí i. Mo ti dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin yóò rí nǹkan funfun kan tó gbé ara rẹ̀ jáde látinú omi, bí ó bá sì sún mọ́ ọn, yóò rí i pé òrùlé ni, àti pé èèyàn ló kún orí rẹ̀. Òkúta mábù láti Carrara ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ó rọra sọ̀kalẹ̀ títí ó fi wọ omi. Wọn ò dán gbogbo ibẹ̀ bákan náà: níbòmíràn wọ́n gbẹ́ ẹ kó le lẹ́sẹ̀ kí bàtà má bàa yọ̀, níbòmíràn ìpele kékeré kan á yọ sí ọ lójijì, bí o ò bá wo ilẹ̀, wàá kọsẹ̀. Mo kọsẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ́rìn-ín mi. Kò sí ẹni tó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Òfin àtijọ́ kan wà ní Nọ́wè tó fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn lórí igbó àti òkè tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ gbé òfin yẹn gun orí ilé ọpẹ́rà. Nínú, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni ẹ ní kó kan ògiri pákó óákù tó yí gbọ̀ngàn ńlá ká. Ìjókòó 1,364 ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní fẹ́ gbọ́ ọpẹ́rà títí ayé ti ní ìpín tirẹ̀ lórí òrùlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé náà gba ẹ̀bùn Mies van der Rohe, tí Yúróòpù ń fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó sì yẹ ẹ́.

Láti ibẹ̀ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà ní kánmọ́kánmọ́. Lọ́dún 2004 ẹ ṣí ọ́fíìsì sí New York, nítorí iṣẹ́ tó jáde ní ibi tí ilé gogoro méjì yẹn ti wó lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án 2001. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé àṣà ńlá kan síbẹ̀, ìjà òṣèlú bẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà súnkì, ohun tó kù nínú rẹ̀ di ẹnu ọ̀nà ilé ìrántí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2014. Ẹ tún Times Square ṣe kí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lè rí ibi dúró láìsí pé ọkọ̀ ń lé wọn. Ẹ fẹ ilé ọnà San Francisco lójú lọ́dún 2016. Ilé àfihàn ihò àpáta Lascaux ní Faransé, ilé àṣà Dhahran ní Saudi Arabia, ilé ìkàwé Calgary ní Kánádà lọ́dún 2018, ilé ìkàwé Beijing lọ́dún 2023. Ọ́fíìsì yín ti wà ní Paris, ní Innsbruck, ní San Francisco, ní Hong Kong, ní Shenzhen, ní Melbourne. Ẹ̀yin lẹ tún ya ẹ̀yìn owó bébà Nọ́wè tó jáde láti 2017, àwọn igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké tó jẹ́ pé bí owó ṣe ń tóbi sí i ni atẹ́gùn inú àwòrán náà ń le sí i: lára 50 kroner, atẹ́gùn fẹ́ lẹ́lẹ́, lára 1,000, ìjì ni. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju ilé oúnjẹ abẹ́ omi tí ẹ kọ́ sí Lindesnes lọ, ibi tí àwọn olówó ti ń jẹun níwájú fèrèsé ńlá, tí ẹja ń wò wọ́n. Ilé yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n mélòó la fẹ́ kọ́ irú rẹ̀?

Èyí tí mo lè fi yangàn fún yín ni Powerhouse Brattørkaia ní Trondheim, ọdún 2019. Ìlú tó sún mọ́ àríwá ayé débi pé oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ nígbà òtútù ni Trondheim, síbẹ̀ ẹ da òrùlé ilé ọ́fíìsì yẹn gbè, ẹ fi páńẹ́ẹ̀lì sólà bò ó, ẹ sì ṣe é kí iná mànàmáná tó ń pèsè ju èyí tó ń lò lọ, kó máa pín ìyókù fún àwọn ilé àti bọ́ọ̀sì àdúgbò. Ọmọ ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ta gba-gba-gba bí tiwa, tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ gbọ́ bùkátà, yẹ kó jókòó ti pílánù ilé yẹn kó kà á dáadáa.

Àmọ́ ìdàgbàsókè ní wàhálà tirẹ̀, ẹ ò sì bọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2017 ẹ gbé àwòrán jáde pé ẹ fẹ́ bọ́ òkúta kúrò nísàlẹ̀ ilé gogoro tí Philip Johnson, gbajúmọ̀ àkítẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, kọ́ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T ní Madison Avenue ní New York, kí ẹ fi gíláàsì rọ́pò rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn aráàlú jáde síta pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ìjọba ìlú sọ ilé náà di ohun àjogúnbá lọ́dún 2018, ẹ sì padà tún àwòrán yín yà, òkúta wà níbẹ̀, ọgbà tí ẹ ṣe sẹ́yìn ilé náà sì dára. Lọ́dún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ yín ní Amẹ́ríkà dìbò bóyá kí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀; ìbò àwọn tí kò fẹ́ fi díẹ̀ ju ti àwọn tó fẹ́ lọ. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò ní dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lókè ilé ọtí, níbi tí gbogbo wọn ti jẹ́ ọ̀rẹ́, ti di ibi tí ìdajì òṣìṣẹ́, ká sọ pé ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì, rí i pé àwọn nílò ẹni tí yóò bá àwọn sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá. Ohun tí mò ń fi èyí sọ ni pé ẹ ti di àgbà, bóyá ẹ gbà bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ ò gbà. Àwa Yorùbá sì máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí ilẹ̀kùn náà ṣe ń tì nìyí. Ìjọba, yunifásítì tàbí ilé ọnà fẹ́ kọ́lé, wọ́n gbé ìkéde jáde. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fa ìlà kan, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ kó ìwé ẹ̀rí wá. Ilé mélòó tó jọ irú èyí lo ti kọ́ parí láàárín ọdún mélòó sẹ́yìn? Èló ló ń wọlé fún ọ́fíìsì rẹ lọ́dún? Ìnṣọ́ránsì rẹ tó mílíọ̀nù mélòó? Nínú àwọn tó fìwé ránṣẹ́, wọ́n á mú márùn-ún tàbí méje, àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni wọ́n á fún láyè láti ronú. Orúkọ kan náà ló sì ń pọ̀ jù nínú àkójọ kọ̀ọ̀kan. Tiyín sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ fi ìwé yẹn wo Snøhetta ti 1989. Ilé ìkàwé tí ẹ ti kọ́: kò sí. Owó tó ń wọlé: kò sí. Òṣìṣẹ́: àwọn ọ̀rẹ́ tó jókòó yí tábìlì ká ní Los Angeles. Akọ̀wé tó bá ń ka fáìlì yín lónìí kò ní dé ojú ewé kejì tí yóò fi jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fojú rí i. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan níbí fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn àdúgbò kékeré, ibi tí àwọn àgbàlagbà yóò ti máa jẹun ọ̀sán, tí àwọn ọmọdé yóò sì máa jó lálẹ́. Iṣẹ́ tó bá wa mu gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n ní kí á fi irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta hàn wọ́n, tí a ti kọ́ parí. Mo pe ọmọbìnrin tó wà nídìí fóònù níbẹ̀, mo bi í pé báwo ni èèyàn ṣe ń kọ́ àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ pé mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ ní. Ó ní, “Sà, èmi kọ́ ni mo kọ fọ́ọ̀mù náà.” Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹni tó máa ń sọ pé òun ló kọ ọ́.

Bí a ṣe ń sunkún, ká máa ríran o. Mo mọ̀ pé ìdíje gbangba ní àbùkù, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Lọ́dún 2014, àwọn Guggenheim, àjọ tó ni ilé ọnà ní New York, pe ìdíje fún ilé ọnà tuntun ní Helsinki, olú ìlú Fínlándì. Àwòrán 1,715 ló wọlé. Ká ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lo ọ̀sẹ̀ kan péré, kó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é, iṣẹ́ nǹkan bí ọdún 33 nìyẹn, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n mú ẹni tó yege lọ́dún 2015. Lọ́dún 2016, ìgbìmọ̀ ìlú Helsinki dìbò pé àwọn kò ṣe mọ́. Ilé náà kò wáyé. Ẹni tó bá ní irú ìdíje yìí ń fi ọ̀dọ́ ṣòfò, kò purọ́. Ẹni tó sì ń náwó ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù pé ẹni tí kò kọ́ ilé rí lè ba owó jẹ́. Ẹ bi ará Sydney bí iṣẹ́ Utzon ṣe ná wọn tó, àti bí òun àti ìjọba ṣe tú ká lọ́dún 1966 kó tó parí.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà láàárín méjèèjì. Kí ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ gbangba, láìsí orúkọ, kó má sì ju bébà méjì lọ, kó má bàa gba ẹnikẹ́ni ju òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kí wọ́n mú mẹ́fà nínú rẹ̀, kí wọ́n sanwó gidi fún wọn láti ṣe ìpele kejì. Bí ọ́fíìsì kékeré bá wà nínú mẹ́fà yẹn, kí wọ́n fún un láyè láti wá àgbà mọ́ra, ẹni tí yóò gbé ìnṣọ́ránsì àti ẹrù sáìtì, bí ẹ̀yin náà ṣe rí Hamza ní Íjíbítì. Ìbéèrè “ilé mélòó lo ti kọ́” kò parẹ́ nínú ètò yìí, ó kàn dúró dẹ ìgbà tí wọ́n ti rí ohun tó wà lórí rẹ. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀, wọ́n ti ń ṣe é níbi púpọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ kọ́lé kì í rí ẹni pàtàkì kan tí yóò sọ fún un pé ó ṣeé ṣe.

Ibi tí ẹ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá pè yín sínú àkójọ àwọn márùn-ún, ẹ bi wọ́n pé ipò wo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀. Wọn ò lè bínú sí yín. Orúkọ yín ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí àkójọ náà. Bí wọ́n bá fi yín ṣe adájọ́, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ yín jẹ́ ta ni wọn ò jẹ́ kó wọlé. Bí ẹ bá sì rí iṣẹ́ tó ṣeé pín, ẹ mú ọ́fíìsì kékeré kan mọ́ra, kì í ṣe bí ẹni tó ń ya àwòrán ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún yín, bí alábàáṣe tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí sáìtì. Ẹ ní àṣà kan nínú ilé-iṣẹ́ yín, mo ti kà nípa rẹ̀: ẹ máa ń pààrọ̀ ipò níbi ìpàdé, ayàwòrán ilé á di oníṣẹ́ ọnà, ẹni tó ń gbin igi á di onílé, kí kálukú lè fi ojú ẹlòmíràn wò ó. Ẹ bá wa pààrọ̀ ipò fún ọjọ́ kan. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù ìdíje kan tí wọ́n fi pè yín, kí ẹ kún un bí ẹni pé ọdún 1989 lẹ wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Alexandria ni ilé ńlá yín àkọ́kọ́, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni. Nínú gbogbo ìlú tí ọ́fíìsì yín wà lónìí, ìlú Áfíríkà kan kò sí níbẹ̀. Mi ò fi ìyẹn ṣẹ̀sín, iṣẹ́ ló ń gbé ọ́fíìsì lọ síbi tó bá lọ. Mi ò sì bẹ̀rù àjèjì tó wá kọ́lé sí ilẹ̀ wa: Ifẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, nínú ọgbà yunifásítì tí Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ya. Àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tí àjà òkè wọn ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí àjà kọ̀ọ̀kan fi ń ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ òjìji yẹn la ti ń kàwé láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Àmọ́ ẹ bi ọmọ Ifẹ̀ mẹ́wàá ta ló ya yunifásítì wọn, àwọn tó mọ̀ á dárúkọ Sharon. Mélòó ló máa dárúkọ A. A. Egbor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ṣe é? Ní Nairobi, Karl Henrik Nøstvik, ará ilú yín, ló ya gbọ̀ngàn àpérò Kenyatta tí wọ́n ṣí lọ́dún 1973, òun àti David Mutiso, ọmọ Kẹ́ńyà. Ẹni tó ti òkèèrè wá ni ayé ń rántí jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hamza rí ní Alexandria: nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kọ nípa ilé yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, nígbà míì ẹ̀yin nìkan.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà wá sí Áfíríkà, yálà ní Èkó tàbí Kùtọnù tàbí Dakar, iṣẹ́ á ti wá pẹ̀lú àkójọ àwọn márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní sí ọ́fíìsì ìlú náà kankan nínú wọn, àyàfi bóyá ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ láti fi tẹ́ òfin lọ́rùn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè pé kí wọ́n ṣí ìpele àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ibẹ̀, láìsí orúkọ lójú bébà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n kọ̀, kí a lè mọ ẹni tí a ó lọ bá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
àkítẹ́ẹ̀tì kan ní London